Ìdákẹ́ Kì í Ṣe Ìfọ̀kànbalẹ̀: Ìmọ̀lára Ọmọdé ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi

1. Ìfáárà

Jẹ́lé-ó-sinmi ni orúkọ tí Yorùbá ń pe ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò tíì tó ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìtumọ̀ orúkọ náà kò fara sin: "jẹ́ kí ilé ó sinmi". Ọmọ ọdún méjì tàbí mẹ́ta kì í jẹ́ kí ilé rójú. Ó ń da ẹ̀wà sílẹ̀, ó ń fi èédú kọ ògiri, ó ń bi ìyá rẹ̀ ní ìbéèrè tí kò lópin. Nígbà tí wọ́n bá mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ilé a rọ̀, ẹni tí ó fẹ́ ṣiṣẹ́ a sì ráyè ṣiṣẹ́.

Orúkọ yìí pani lẹ́rìn-ín, òtítọ́ sì ni ó sọ. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò gẹ́gẹ́ bí ìperí, a ó rí i pé ìsinmi ilé nìkan ni ó mẹ́nu bà. Kò sọ nǹkan kan nípa ìsinmi ọmọ. Ọ̀tọ̀ ni ojú tí Friedrich Froebel fi wò ó ní ilẹ̀ Jámánì. Ní 1837 ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ irú èyí sílẹ̀, ní 1840 ni ó sì sọ ọ́ ní Kindergarten, èyí tí ó túmọ̀ sí "ọgbà àwọn ọmọdé". Froebel fi ọmọ wé irúgbìn tí ó ń fẹ́ omi àti ìtọ́jú. Yorùbá ní tirẹ̀ wo ilé tí ọmọ náà ti jáde.

Kókó ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé ni pé ìdákẹ́ ọmọ àti ìfọ̀kànbalẹ̀ ọmọ kì í ṣe ohun kan náà. Olùkọ́ tí kò bá ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi ya méjèèjì sọ́tọ̀ yóò máa fi ọ̀kan pe èkejì, ọmọ ni yóò sì jìyà àṣìpè náà. Èdè Yorùbá ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Èyí tí ó kù ṣeé ṣẹ̀dá láti inú èyí tí ó wà nílẹ̀.

2. Agbójú àti àwọn ọmọ rẹ̀

Agbójú wà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ tí ó lọ láti Èkó sí Àgbádárìgì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni àgbègbè náà láti ilẹ̀ wá. Nígbà tí Nàìjíríà gba àlejò àjọ̀dún kejì ti iṣẹ́-ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé, láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, ìjọba àpapọ̀ kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé sí ìtòsí ibẹ̀ fún àwọn tí ó wá kópa. Lẹ́yìn àjọ̀dún náà ni àwọn ilé wọ̀nyí di ibùgbé àwọn aráàlú, tí àdúgbò náà sì ń jẹ́ Festac títí di òní. Yorùbá, Ìgbò, Ògù, Edó, Haúsá àti àwọn mìíràn ni wọ́n jọ ń gbé níbẹ̀.

Nǹkan méjì ni irú ìgbé-ayé yìí mú bá ọmọdé. Èkíní, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò dàgbà nínú agbo ilé tí ìyá-àgbà, àbúrò bàbá àti àwọn ẹ̀gbọ́n yí wọn ká. Yàrá àti pálọ̀ ni wọ́n mọ̀ ní ilé, ìyá àti bàbá nìkan ni ó sì sábà máa ń wà níbẹ̀. Èkejì, àwọn òbí a máa tètè jáde. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó gbọ́dọ̀ gba Mile 2 kọjá, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ibẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Lóòótọ́, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń kó èrò láti Mile 2 lọ sí Marina. Síbẹ̀, ẹni tí yóò bá a láàárọ̀ gbọ́dọ̀ tètè kúrò nílé. Nítorí náà, ọmọ tí ojú rẹ̀ kò tíì dá lójú oorun ni wọ́n máa ń gbé lé olùkọ́ lọ́wọ́, ó sì lè di ìrọ̀lẹ́ kí ó tó tún rí ìyá rẹ̀. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àǹtí tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ti kọjá olùkọ́ lásán. Òun ni ó dúró ní ipò gbogbo agbo ilé.

3. Ìrọ̀mọ́: okùn tí ó so ọmọ mọ́ olùtọ́jú rẹ̀

John Bowlby (1907–1990), oníṣègùn ọpọlọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni ọmọ ń wá lọ́dọ̀ ìyá. Ọmọ ènìyàn, bí ọmọ àwọn ẹranko mìíràn, ní ìfẹ́ àbímọ́ni láti wà nítòsí ẹni tí yóò dáàbò bò ó nígbà ewu. Okùn àìrí tí ó so wọ́n pọ̀ yìí ni ó ń fẹ́ ìperí. Àwọn kan lè dábàá "ìfaramọ́", ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ti ní iṣẹ́ mìíràn: ẹni tí ó fara mọ́ ìpinnu kan gbà á wọlé ni. "Ìrọ̀mọ́", láti ara "rọ̀ mọ́", ni ó dára jù, nítorí pé ó gbé àwòrán ọmọ tí ó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú wá sí ojú ẹni. Ẹni tí ọmọ rọ̀ mọ́ ni "ẹni ìrọ̀mọ́".

Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ojú rí iṣẹ́ ìrọ̀mọ́ dáadáa nínú ilé àwọn ènìyàn. Ní 1954 sí 1955, Mary Ainsworth lọ sí àwọn abúlé tí ó wà nítòsí Kampala ní ilẹ̀ Uganda, ó ń bẹ ìdílé 26 wò léraléra, ó sì ń ṣe àkíyèsí bí ìyá àti ọmọ ṣe ń bá ara wọn lò. Ìwé tí ó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1967. Ó rí i pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ máa ń tètè mọ ohun tí ó ń fẹ́, tí ó sì máa ń dá a lóhùn, kì í sunkún lọ títí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa rá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá lọ wo ohun tí ó wà ní ọ̀ọ́kán, a bojú wẹ̀yìn wò ó, a sì padà wá. Ẹni ìrọ̀mọ́ tí ó dájú ni ó ń fún ọmọ ní àyà láti rìn jìnnà. Èyí ta ko èrò àwọn tí ó ń sọ pé gbígbé ọmọ mọ́ra jù ni ó ń sọ ọ́ di ojo.

4. Ìdákẹ́ onírúurú

Nígbà tí a bá ya ọmọ kékeré kúrò lọ́dọ̀ ẹni ìrọ̀mọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, tí kò sì sí ẹlòmíràn tí ó dípò ẹni náà, ìpele mẹ́ta ni Bowlby àti James Robertson, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣàlàyé rẹ̀ sí. Èkíní ni ìfẹkúnkọ̀: ọmọ a fi ẹkún àti igbe kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Èkejì ni ìsọ̀rètínù: ẹkún a rọlẹ̀, ọmọ a ká gúlútú sójú kan, kò ní fẹ́ jẹun, kò ní fẹ́ ṣeré. Ẹ̀kẹta ni ìyọkànkúrò: ọmọ a tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ bá dé, a yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni pé kò mọ̀ ọ́n.

Ní 1952, Robertson gbé fíìmù kan jáde nípa ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì kan tí ó lo ọjọ́ mẹ́jọ ní ilé ìwòsàn nítorí iṣẹ́ abẹ ìdodo. Ní ìgbà yẹn, àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í gba ìyá láàyè láti dúró ti ọmọ. Ọmọ náà kò sunkún púpọ̀. Ẹni tí kò fara balẹ̀ wò ó lè sọ pé ara rẹ̀ ti mọlé. Fíìmù náà ni ó fi hàn pé ńṣe ni ó ń pa ẹkún mọ́ra, pé ìrora ń bẹ nínú ìdákẹ́ náà. Ní 1959, ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ dámọ̀ràn pé kí wọ́n máa gba àwọn òbí láàyè láti bẹ ọmọ wò nígbàkúùgbà.

Ilé ìwòsàn kọ́ ni jẹ́lé-ó-sinmi. Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ yóò padà sílé. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ilé ìtọ́jú ọmọdé gan-an fara jọ èyí. Ní 2004, Lieselotte Ahnert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbọ̀ iṣẹ́ wọn lórí àwọn ọmọ 70 tí wọ́n jẹ́ ọmọ oṣù 15 jáde, ní àsìkò tí àwọn ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìtọ́jú ní ilẹ̀ Jámánì. Wọ́n yẹ itọ́ àwọn ọmọ náà wò láti mọ ìwọ̀n kọ́tísọ́ọ̀lù, èyí tí í ṣe oje tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí wàhálà bá dé. Láàárín wákàtí kan tí ìyá lọ, ìwọ̀n oje yìí fi ìdá 75 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ilé lọ. Àwọn ọmọ tí ìrọ̀mọ́ wọn dájú ni ó sunkún jù nígbà tí ìyá wọn lọ, ẹkún wọn sì bá ìwọ̀n oje náà mu: bí oje náà ṣe ga tó ni ẹkún ṣe pọ̀ tó. Ohun tí ó tún wúlò nínú ìwádìí náà ni pé, níbi tí ìyá bá ti lo ọjọ́ púpọ̀ sí i pẹ̀lú ọmọ ní ilé ìtọ́jú kí ó tó fi í sílẹ̀, ìrọ̀mọ́ ọmọ àti ìyá dúró ṣinṣin, tàbí kí ó tilẹ̀ dára sí i.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹkún kì í ṣe àmì àìdára ọmọ. Ọmọ tí ó ń sunkún ṣì gbà gbọ́ pé ẹnì kan yóò gbọ́. Ọmọ tí ó dákẹ́ ni ó yẹ kí olùkọ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ a máa ṣeré, a máa jẹun, a máa sùn, bí ó bá sì ṣubú, a máa wá àǹtí rẹ̀ lọ. Ọmọ tí ó sọ̀rètínù a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, a di àpò rẹ̀ mú, oúnjẹ rẹ̀ a wà bí ó ṣe wà. Bí ó bá fara pa, kò ní tọ ẹnikẹ́ni lọ.

5. Ìmọ̀lára nínú gírámà Yorùbá

Kí olùkọ́ tó lè ran ọmọ lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ lè dárúkọ ohun tí ó ń ṣe ọmọ náà. Níhìn-ín ni èdè Yorùbá ti ní ẹ̀bùn tí kò wọ́pọ̀. Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí: ẹ̀rù bà mí, inú bí mi, ojú tì mí, àárò sọ mí, owú jẹ mí. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ènìyàn ni àbọ̀. Kì í ṣe olùwà. Ẹ̀rù, ojú, àárò, owú ni ó wà ní ipò olùwà, òun ni ó ṣe nǹkan sí ènìyàn. Ọ̀wọ́ kejì ni èyí tí ẹ̀yà ara ti jẹ́ olùwà: inú mi dùn, ọkàn mi balẹ̀, àyà mi já, ara mi kò lélẹ̀. Nínú ọ̀wọ́ méjèèjì, kò sí ibi tí wọ́n ti sọ pé ènìyàn jẹ́ ìmọ̀lára náà fúnra rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì, ní tirẹ̀, sábà máa ń lo ọ̀rọ̀-ìṣe "jẹ́" àti ọ̀rọ̀-àpèjúwe, tí ìmọ̀lára fi dà bí àwọ̀ tàbí gíga ẹni.

Ìyàtọ̀ yìí ní ìwúlò ní kíláàsì. Olùkọ́ tí ó sọ fún ọmọ pé "Ẹ̀rù ń bà ọ́" sọ ohun tí ó dé bá ọmọ. Èyí tí ó sọ pé "Ojo ni ọ́" sọ irú ẹni tí ọmọ jẹ́. Ohun tí ó dé lè lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a bá fún ọmọ lè bá a dàgbà. Bákan náà ni "Inú ń bí ọ" yàtọ̀ sí "Oníbìínú ni ọ́", tí "Àárò màmá rẹ ń sọ ọ́" sì yàtọ̀ sí "Ẹlẹ́kún ni ọ́". Ọ̀rọ̀ ni ó ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ náà ni ó ń yọ ọfà lápó.

Ìwádìí tí ó jáde ní 2007, èyí tí Matthew Lieberman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà, tan ìmọ́lẹ̀ sí agbára tí ń bẹ nínú ìdárúkọ. Wọ́n ń ya àwòrán ọpọlọ àwọn àgbàlagbà nígbà tí wọ́n ń fi ojú tí ó kún fún ìbínú tàbí ẹ̀rù hàn wọ́n. Nígbà tí ẹni náà bá dárúkọ ìmọ̀lára tí ó rí, iṣẹ́ amygdala, ẹ̀yà kékeré inú ọpọlọ tí ń kéde ewu, a dínkù. Àgbàlagbà ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà, kì í ṣe ọmọdé; ṣùgbọ́n àbájáde rẹ̀ bá ohun tí àwọn tí ń tọ́mọ ti mọ̀ mu, pé ohun tí ó ní orúkọ kì í dẹ́rù bani tó ohun tí kò ní.

6. Èdè ìkọ́ni àti èdè ìtùnú

Gbogbo èyí kò ní wúlò bí ọmọ kò bá gbọ́ èdè tí olùkọ́ ń sọ. Ìwé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1977, là á sílẹ̀ pé èdè abínibí ọmọ tàbí èdè àdúgbò rẹ̀ ni kí wọ́n máa lò jù ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan, nínú èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé èyí kò fa àwọn ọmọ náà sẹ́yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tí ó fi èdè abínibí ṣe èdè ìkọ́ni ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé a ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí ó jẹ́ èdè ìkọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì.

Àríyànjiyàn lórí èdè ìkọ́ni kò ní tán lónìí. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ ni pé èdè ìkọ́ni yàtọ̀ sí èdè ìtùnú. Wọ́n lè fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ ní orúkọ àwọn àwọ̀. Kò sí ohun tí ó ní kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì nù ún lójú. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí ó ń sunkún kò lè gbé ẹrù méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó máa wá èdè àjèjì kí ó sì tún máa wá ìyá rẹ̀. Ní àdúgbò bí Agbójú, èdè ìtùnú kò lè jẹ́ ẹyọ kan. Ọmọ Ìgbò yóò mọ "ndo", ọmọ Haúsá yóò mọ "sannu", bí ọmọ Yorùbá ṣe mọ "pẹ̀lẹ́". Olùkọ́ tí ó bá bi òbí léèrè ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé irú ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n fi ń rẹ ọmọ náà lẹ́kún nílé, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, ti rí irinṣẹ́ tí kò ná an ní kọ́bọ̀.

7. Iṣẹ́ ọwọ́ olùkọ́

Bí àpẹẹrẹ, kí a gbà pé ọmọ ọdún mẹ́ta kan, Àkànní, dé sí ilé-ẹ̀kọ́ ní kùtùkùtù, ó sì di ìró ìyá rẹ̀ mú, ó ń ké. Ọ̀nà kan ni kí ìyá yọ́ lọ nígbà tí ọmọ bá bojú wẹ̀yìn, kí olùkọ́ sì purọ́ fún un pé ìyá rẹ̀ lọ ra àkàrà. Ẹkún lè dá fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ti kọ́ pé àgbà a máa parẹ́ láìdágbére. Ní ọjọ́ kejì, yóò di ìró náà mú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà kejì gùn díẹ̀. Ìyá dágbére fún un, ó sì sọ ìgbà tí òun yóò dé ní èdè tí ọmọ lè fi ojú rí: "Lẹ́yìn tí o bá sùn tí o jí, tí ẹ ṣeré tán, màá dé." Àǹtí gbà á mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú wọn lè dọ́gba, ó sì pè é ní oríkì rẹ̀: "Àkànní, pẹ̀lẹ́. Àárò màmá rẹ ń sọ ọ́. Mo mọ̀. Wọn yóò dé lẹ́yìn eré. Jókòó tì mí." Kò ní kí ó dákẹ́. Ó dárúkọ ìmọ̀lára náà, ó sọ òtítọ́, ó sì dúró tì í. Bí ìyá bá fi gèlè tàbí aṣọ kékeré kan tí òórùn rẹ̀ wà lára rẹ̀ sílẹ̀, ó tún dára. Bí iṣẹ́ bá sì lè gba ìyá tàbí ìyá-àgbà láàyè láti jókòó fún wákàtí kan ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, kí wọ́n má ṣe lé wọn jáde.

Ohun tí àǹtí yìí ṣe kò ṣàjèjì. Pípọn ọmọ sẹ́yìn, oríkì, orin ìrẹmọlẹ́kún, àlọ́ ìrọ̀lẹ́: ìlànà ìtùnú ni gbogbo wọn. Nígbà tí àgbà bá fi ara rẹ̀ tí ó rọ̀ mú ara ọmọ rọ̀, ọmọ ń kọ́ bí òun náà yóò ṣe máa ṣe é fún ara rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ìrẹmọlẹ́kún ni ó ń ṣíwájú ìkóra-ẹni-níjàánu. A kò lè béèrè èkejì lọ́wọ́ ọmọ tí kò rí èkíní gbà. Èyí ni ó fà á tí pàṣán kò fi lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ó lè mú ìdákẹ́ wá. Kò lè mú ìfọ̀kànbalẹ̀ wá. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 tí ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007, sì dáàbò bo iyì ọmọ. Ìbáwí kò kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ kan bá bá ọmọ wí, kí èkejì fà á mọ́ra.

8. Àkójọ àwọn ìperí

Ìmọ̀lára: ohun tí ó ń lọ nínú ènìyàn, bí ayọ̀, ẹ̀rù, àárò tàbí ìbínú.
Ìrọ̀mọ́: okùn àìrí tí ó so ọmọ mọ́ ẹni tí ó ń dáàbò bò ó.
Ẹni ìrọ̀mọ́: ẹni tí ọmọ ń sá tọ̀ nígbà ewu.
Ìfẹkúnkọ̀: fífi ẹkún kọ ìpínyà.
Ìsọ̀rètínù: ìdákẹ́ ọmọ tí kò retí ẹnikẹ́ni mọ́.
Ìyọkànkúrò: yíyọ ọkàn kúrò lára ẹni ìrọ̀mọ́.
Ìdárúkọ ìmọ̀lára: sísọ ohun tí ó ń ṣe ọmọ fún un ní èdè tí ó gbọ́.
Ìrẹmọlẹ́kún: fífi ara, ohùn àti ọ̀rọ̀ àgbà mú ara ọmọ rọ̀.
Ìkóra-ẹni-níjàánu: agbára láti rọ ara ẹni lọ́kàn.
Ìfọ̀kànbalẹ̀: ipò ọmọ tí ó ń ṣeré, tí ó ń jẹun, tí ó sì mọ ẹni tí òun lè sá tọ̀.

9. Àgbálọgbábọ̀

Kò sí ìdí láti pa orúkọ jẹ́lé-ó-sinmi rẹ́. Ilé yẹ ní sísinmi, ìyá tí ó jí ní aago mẹ́rin ìdájí sì yẹ ní ríràn lọ́wọ́. Ohun tí ó yẹ ni kí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ parí gbólóhùn tí orúkọ náà bẹ̀rẹ̀: jẹ́ kí ilé ó sinmi, kí ọmọ náà sì sinmi. Nígbà tí kíláàsì bá pa rọ́rọ́ ní òwúrọ̀, kí àǹtí má tíì dúpẹ́. Kí ó kọ́kọ́ wo ojú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.